Ilé tí mo rà ní Ṣábẹ, tí mo ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n tó wọlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo fẹ́ sọ fún yín, ó sì ti pẹ́ nínú mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, torí ojú mi ò gbé e mọ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ìkọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè. Àṣìṣe tó wà nínú ìtàn fúnra rẹ̀, èmi ni mo ni ín.

Ohun tó mú un wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń polówó ilé lórí fóònù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí àwọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè wá ra ilé àtijọ́ lẹ́yìn ìlú, ilé tó ní àgbàlá, tí ìdílé ti gbé rí. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó mà dára o. Èmi wo àwòrán náà, inú mi bàjẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti ra irú rẹ̀ rí.

Ìgbà ìjọba ológun ni, ìgbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń ṣàkóso ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí Ṣábẹ wà, tí a ń pe gbogbo ẹni tó bá jókòó sí búrò, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, ní kamaráàdì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ṣábẹ ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ọkọ mi ló mú mi lọ síbẹ̀ ní ìyàwó tuntun. Òun ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, èmi ń ta abọ́ tánganran nítòsí ibùdó rélùwéè. Nígbà tó kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, Dúpẹ́ ni àgbà wọn. Ìyá mi wọkọ̀ láti ilé wá ràn mí lọ́wọ́, ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò. Ọdún mọ́kànlá ló lò.

Ibi tí wọ́n sin ọkọ mi sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ilé àyágbé là ń gbé nígbà tó kú, onílé ò sì gbà kí a gbẹ́ ilẹ̀ nínú ilé òun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mi ò bá a jà. Wọ́n gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú ní òdìkejì ojú irin. Lọ́dún kejì tí èmi àti ìyá mi lọ síbẹ̀, koríko ti bo gbogbo rẹ̀, òjò ti wọ́ ilẹ̀. A ń lọ, a ń bọ̀ láàárín àwọn ebè wọ̀nyẹn, a ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà lẹ́bàá ìlú. Òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, gbogbo wọn ń wá yàrá. Onílé wa ní kí a wá ibòmíràn lọ. A kó lọ síbòmíràn, onílé ibẹ̀ náà ní kí a kó jáde. Ní ìgbà kejì tí a ń di ẹrù, ìyá mi jókòó lé orí àpótí rẹ̀ ní gbangba ìta, ó pe oríkì mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ kú sílé onílé."

Mo mọ ohun tó ń rí lójú ọkàn rẹ̀. Koríko yẹn ló ń rí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní kú sílé onílé." Báyìí ni ìlérí ṣe ń jáde lẹ́nu èèyàn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni tíṣà kan tó máa ń ra abọ́ lọ́wọ́ mi gbọ́ pé mò ń wá ilé. Mẹ́tìrì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Ìdòwú, ní ilé tí bàbá àwọn fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Okpara. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ látìgbà tí bàbá náà ti kú. Wọ́n fẹ́ tà á.

Mo mú ìyá mi dání lọ wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣábẹ, ẹ mọ bí àwọn àpáta ńlá wọ̀nyẹn ṣe jókòó ti ìlú. Ìdí ọ̀kan nínú wọn ni ilé náà wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ògiri kan ti ń tẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n yàrá méje ló ní, ó ní kànga, ó sì ní igi kajú kan ní àárín àgbàlá tó ṣíji bo ibi tó tó fún ogún èèyàn láti jókòó. Ìyá mi fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ lára. Ó wọ ilé ìdáná, ó rí ọlọ tí wọ́n fi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó sì fẹ́ eruku orí rẹ̀ dà nù. Ó ní ó jọ ilé bàbá òun.

Ẹ má rò pé wọ́n fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Bàbá Ìdòwú fúnra rẹ̀ ló mú wa wọ pálọ̀, ó sì fi ibi tí wọ́n sin bàbá wọn sí hàn wá, ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn á máa wá síbẹ̀ láti wá ta omi sílẹ̀. Ìyá mi ní kò burú, ilé tí kò bá lókùú kò tíì pé nílé. Bí àwa náà ṣe ń ṣe nílé nìyẹn, kí ni yóò wá bà wá lẹ́rù?

Mo wá béèrè ìbéèrè kan. Mo ní ṣé àwọn méjèèjì nìkan ni bàbá wọn bí. Mẹ́tìrì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Ìdòwú ní obìnrin kan wà, àgbà àwọn ni, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé ọkọ tipẹ́. Ó ní, "Obìnrin ni, ó ti lọ." Èmi sì mi orí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi obìnrin tó ń wá ilé fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin, wọ́n sọ fún mi pé àgbà ọmọ ilé náà jẹ́ obìnrin, mo sì mi orí bí ẹni pé wọ́n sọ pé adìẹ kan wà lẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ilé bàbá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kan títí ìyá mi fi wọkọ̀ láti Ṣábẹ dé, torí òun ni àkọ́bí. Èmi ni mo bá a di ẹrù ìrìn-àjò yẹn.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ìyá mi bi mí bóyá wọ́n ti gbọ́ tẹnu ọmọbìnrin ilé náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mẹ́tìrì ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún un. Mò ń kánjú, ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ṣúgà náà ti wá wo ilé náà, ẹ̀rù ń bà mí kó má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún sọ fún ara mi pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wa, kí ló lè ṣòro?

Délégé wá, ìyẹn ni olórí àdúgbò tí ìjọba mọ̀. A pa obì. Mẹ́tìrì kọ papíé, ìyẹn ìwé àdéhùn, ní Faransé, a tẹ àtàǹpàkò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ta gbogbo ẹ̀rọ tí ọkọ mi fi sílẹ̀, mo ta wúrà ọrùn mi, mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ tí a kó wọlé, ìyá mi gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sábẹ́ igi kajú, kò sì tún gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo fi jẹ́ onílé. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Mo rẹ́ ògiri. Ìyá mi gbin ewúro. Bí rélùwéè bá ń lọ sí Kùtọnu, a máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ìyá mi á ní kó máa lọ, òun ti dé ibi tóun ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, aṣọ opó sì wà lára rẹ̀. Mo rò pé ó ṣìnà ni. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, màmá. Ta lẹ ń wá?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní, "Mi ò wá ẹnì kankan. Ilé bàbá mi ni mo wọ̀."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò béèrè ọ̀nà. Ó wọ pálọ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ yẹn, ó ní, "Bàbá, mo ti dé o." Ìyá mi wà lábẹ́ igi, ó ń rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó yí ojú sí mi. Ó ti mọ̀ pé mo purọ́ fún òun.

Ìyá Okpara ni wọ́n ń pè é, torí Okpara ló ti lọ́kọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn àbúrò ọkọ ní kí ó yan ọ̀kan nínú àwọn tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀. Níbo ni ọmọbìnrin ilé ń lọ bí ilé ọkọ bá lé e? Ilé bàbá rẹ̀ náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti tà á.

Mo mú papíé jáde fún un. Ó ní òun ò mọ̀wé. Ó wá na ìka sí àwọn àmì dúdú tó wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Àtẹ̀ka tèmi dà? Fi hàn mí." Mo yí papíé náà padà bí ẹni pé ó lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi hàn án?

Wọ́n pe Bàbá Ìdòwú. Mẹ́tìrì ò sí, wọ́n ti gbé e lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní lékóòlù kan lápá àríwá. Àwọn àgbà ìdílé jókòó sábẹ́ igi kajú, délégé jókòó láàárín wọn. Ìyá Okpara ò pariwo. Ó kàn ń bi àbúrò rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ìgbà, pé ta ló pọ̀n ọ́n, ta ló pọ̀n ọ́n. Bàbá Ìdòwú ń wo ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí bàbá sùn sí, tí wọn ò bi àkọ́bí, kò tíì tà. Wọ́n ní kí wọ́n dá owó mi padà. Owó wo? Ti Mẹ́tìrì ti bá a lọ sí àríwá, ti Bàbá Ìdòwú ti wọ oko iṣu ní Boni. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù.

Mo lọ sí búrò. Kamaráàdì tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ka papíé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí òǹtẹ̀ kankan lórí rẹ̀, pé ìwé tí èèyàn kọ fún ara wọn nílé ni, pé èmi sì jẹ́ àjèjì. Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Màdáámù, ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ nílé." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jáde. Ilé wo?

Báyìí ni gbogbo wa ṣe jọ ń gbé inú ilé kan. Ìyá Okpara wà ní yàrá tó kángun sí pálọ̀, àwa wà ní òdìkejì. N kì í kí i. Bí ó bá fa omi nínú kànga, n ó dúró kó kúrò níbẹ̀ kí n tó lọ. Òun náà mọ̀, ó ń fún mi láyè.

Ṣùgbọ́n ìyá mi? Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun àti Ìyá Okpara ti jọ ń lọ ata lórí ọlọ kan náà. Àkọ́bí ni àwọn méjèèjì, opó ni àwọn méjèèjì. Ìyá mi ń pè é ní àbúrò òun. Mo bínú débi pé mo bá ìyá mi jà, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Mo ní ẹni tó fẹ́ lé wa jáde lẹ ń bu ọbẹ̀ fún. Ó wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, bó bá jẹ́ ilé bàbá tèmi lo rí tí wọ́n tà, ṣé n ò ní wá sọ ẹrù mi sílẹ̀ níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tí wọ́n ti bodè pa. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ẹ rántí. Láti Nàìjíríà ni wọ́n ti tì í, ọjà ò wọlé, èèyàn ò kọjá. Ọdún yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nọ́ọ̀sì fún wa lóògùn, ó ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, lórí ẹní rẹ̀, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà Dúpẹ́ ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ-ọmọ mi tó ń tẹ̀ ẹ́ ti gbé ojú sókè wò mí. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ọmọ mi.

Bí mo ṣe ń pa ojú ìyá mi dé, tí omi ń dà lójú èmi náà, ọkàn mi sọ fún mi pé ilé ti di tèmi. Mo gbọ́ ọ kedere. Ta ló lè lé ẹni tí ìyá rẹ̀ sùn nínú ilẹ̀ ilé? Bí wọ́n ní bàbá nínú pálọ̀, èmi náà á ní ìyá nínú àgbàlá. Kí ara ìyá mi tó tutù, mo ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gbẹ́ sàréè. Mi ò bi Ìyá Okpara. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo fò ó kọjá.

Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún nígbà tí Bàbá Ìdòwú sáré dé, ó di ọkọ́ mú. Àwọn àgbà tún péjọ. Ó ní mo fẹ́ fi òkú gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo lọgun pé irọ́ ló ń pa. Mo pè é lólè, mo ní ẹni tó gba owó mi jẹ ló tún ń lé òkú ìyá mi. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fà mí lápá. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká gbé màmá lọ sí ìtẹ́ òkú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo rí koríko yẹn lójú mi.

Inú ilé ni Ìyá Okpara wà ní gbogbo àkókò yìí. Òun àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wẹ ìyá mi. Nígbà tó gbọ́ ariwo, ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi. Kò wo àbúrò rẹ̀, èmi ló wò.

Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ìyá ẹ lo fẹ́ sin, àbí ilé lo fẹ́ gbà?"

Gbogbo ariwo tí mo ti ń pa, ó ti tán.

Ó ní bó bá jẹ́ ìyá mi ni, kí wọ́n máa gbẹ́lẹ̀ lọ, ìyá mi á sùn lábẹ́ igi tó fẹ́ràn, òun á sì máa gbá ibẹ̀ bí òun ṣe ń gbá ibi tí bàbá òun sùn sí. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé mo ti yọwọ́ nínú ilé. Bó bá jẹ́ ilé ni, kí n gbé òkú lọ sí òdìkejì ojú irin, kí n padà wá, kí a máa bá ẹjọ́ wa lọ. Ó ní òun ò ní bínú sí èyíkéyìí tí mo bá mú. Ó ní, "Yan ọ̀kan."

Mo wo ilé náà. Mo wo ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́. Mo ronú kan Dúpẹ́ àti àwọn àbúrò rẹ̀, pé ibo ni mo tún fẹ́ kó wọn lọ. Ohun tí mo ní láyé kò ju ilé yìí lọ. Mo wá wo àpótí ìjókòó ìyá mi lábẹ́ igi, mo ní, "Ìyá mi ni."

A sin ín síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo di ẹrù, mo kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá méjì lẹ́yìn ọjà. Bàbá Ìdòwú fi iṣu ránṣẹ́ sí mi lọ́dún yẹn, ó tún fi ránṣẹ́ lọ́dún kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Papíé náà ṣì wà nínú àpótí mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Lọ́dọọdún ni mo ń lọ síbẹ̀. N ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó kan ilẹ̀kùn, n ó ní "Àgò onílé o." Ìyá Okpara á dá mi lóhùn láti inú pé, "Wọlé, Ìyá Dúpẹ́, ilé ẹ ni." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí ju kó lé mi lọ. N ó wọlé, n ó bá abẹ́ igi ní gbígbá, tónítóní. Kò yẹ̀ ẹ́ lọ́dún kan.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dàgbà, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. A gbọ́ pé Ìyá Okpara ti kú. Àìsàn orúnkún ò jẹ́ kí n lè lọ fún ọdún púpọ̀. Lọ́dún tó kọjá ni mo ní bí mo bá máa kú, kí n kọ́kọ́ rí ibẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi yìí ló mú mi lọ.

Mi ò mọ ilé náà mọ́, àpáta ni mo fi dá a mọ̀. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ilé kan jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní, "Màmá, ta lẹ ń wá?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbé àga fún mi, ó pe ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ìdílé náà, tẹ́tí sí mi, ó ní òun gbọ́ ọ rí lẹ́nu Ìyá Okpara, ìyá àgbà àwọn, pé àlejò kan sùn ní àgbàlá, ṣùgbọ́n òun ò mọ ibi tó wà. Wọ́n ti gé igi kajú. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì tẹ́ gbogbo àgbàlá, wọ́n sì ti dí kànga tí mo fẹ́ fi ṣe àmì. Ó ní ó lè jẹ́ abẹ́ táńkì omi, ó sì lè jẹ́ abẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ta ni n ó bínú sí?

Mo gbìyànjú, mo ń ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló gbé mi lọ síbi tó yàtọ̀. Mo wá kúnlẹ̀ sí àárín àgbàlá, lórí símẹ́ńtì, mo gbàdúrà kí ó dé ibi tí ìyá mi bá wà. Mo ti fi ilé kan ra ilẹ̀ ibi tí èèyàn kan lè sùn sí, ìyẹn náà ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ ra ilé ìdílé nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ má wo páànù àti ògiri nìkan. Ẹ béèrè àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Ẹ lọ bá wọn nílé ọkọ wọn, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé obìnrin ni, ó ti lọ, ẹ dìde kúrò níbẹ̀, torí obìnrin kì í lọ tán nílé bàbá rẹ̀. Bí èdè sì jọ èdè, kò ní kí ilé onílé di tiyín.

Ṣé ó ti ṣe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí láàárín yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ọmọ-ọmọ mi á kà á sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ bí èèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú tí èèyàn ò mọ ibi tó sùn sí, kí ó jọ̀ọ́ kọ́ mi.

Ìyá mi ní òun ò fẹ́ kú sílé onílé. Ilé onílé ló kú sí, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.